Àga Pupa Kan fún Gbogbo Àdúgbò

Aṣọ àgbàwọ̀ kì í yẹni. Bí kò fúnni lápá, á ṣoni lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi Láníhún, olórí àdúgbò Òkè Orógbó.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń bọ̀ wá wo àdúgbò tí ìṣẹ́ ti pọ̀ jù, kí wọ́n lè fa omi ẹ̀rọ síbẹ̀. Ni Láníhún bá figbe ta: "Kí àlejò wá jókòó sórí àpótí? Èèwọ̀!"

Ó sáré lọ yá àga onítìmùtìmù pupa tí Ìyá Adùnọlá ní ní àdúgbò kejì, Ìsàlẹ̀ Orógbó. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà ilé kan jáde, bẹ́ẹ̀ ni àwọn géńdé ń gbé àga gba ẹ̀yìnkùlé sáré lọ sílé tó kàn.

"Háà! Gbogbo ilé ló ní àga pupa," ni ọ̀gá wọn wí. "Àwọn wọ̀nyí mà rí já jẹ o!"

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìyá Adùnọlá, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n bá a tó jókòó sí. Àánú ṣe wọ́n. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an ni wọ́n ri ẹ̀rọ omi sí.

Láníhún gbé garawa dé: "Ìyá, ẹ dákun, ẹ fún wa lómi."

"Mo gbọ́," ni ìyá wí. "Lọ gbé àga mi wá ná, kí n rí nǹkan jókòó lé kí n tó dá ọ lóhùn."