Ọmọ tí Ẹkùn Dá fún Ara Rẹ̀

Àlọ́ o, ẹ̀yin ọkọ mi.

Àlọ̀!

Àlọ́ mi fò, ó fò, orí Ẹkùn ló bà lé.

Ara Ẹkùn ń bàjẹ́. Ó fi irun ara rẹ̀ se oògùn, ó fi dá ọmọ kan tó jọ ọ́ bí ẹni pín obì sí méjì, ó ní kí Ewúrẹ́ máa fún un lọ́mú. Nígbà tó yá, ó wá yọ ojú ọmọ náà kan, ó fi rọ́pò tirẹ̀ tó ti fọ́. Àwọn ẹranko ní, "Ṣebí nǹkan rẹ̀ ló mú." Ó tún wá yọ kíndìnrín. "Ṣebí nǹkan rẹ̀ ló mú." Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fẹ́ wá mú ọkàn. Ewúrẹ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Ewúrẹ́ onírùngbọ̀n, kúrò níbẹ̀. Èmi náà ni ọmọ yẹn."

"Baba, lọ́jọ́ tí ẹ yọ ojú rẹ̀, ta ló sunkún? Ẹ̀yin ń jẹun. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n." Ló bá dá orin:

Ọmọ tí mo pọ̀n kì í ṣe ẹran ọbẹ̀,
Tèrènà.
Ẹ gbé ọ̀bẹ yín lọ,
Tèrènà.

Ojú ti àwọn ẹranko, wọ́n dìde ti Ewúrẹ́ lẹ́yìn. Ẹkùn gbé ọkàn àìsàn rẹ̀ lọ sílé, ó kú.

Ẹ̀yin ọmọ, n kì í bá òkú jà. Àwọn tó jókòó wòran lẹ́ẹ̀mejì ni inú ń bí mi sí. Wọ́n ń bá Ewúrẹ́ jó báyìí, ọmọ náà sì ń fi ojú kan wò wọ́n.