Bí Rọ́bà Ṣe Di Alárinà Tí Kì Í Lọ Sílé

Nígbà láéláé, kí irin tó yadi, ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì máa ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì sínú ọkọ̀, ìgbéyàwó ni wọ́n kà á sí, Rọ́bà sì ni alárinà. Yóò jókòó sáàárín àwọn méjèèjì kí irin má baà máa gbá irin, títí wọn yóò fi mọwọ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà, wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì máa lọ sílé. Ẹ́ńjìnnì ìgbà náà kéré, ara wọn sì balẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó ń bàjẹ́.

Píkọ́ọ̀pù àgbà kan wà tó ń kó iṣu láti oko wá sílé. Gbẹ́rùdélé ni wọ́n ń pè é. Rọ́bà ló ṣe alárinà fún òun àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà kú, Rọ́bà kan náà ló wá jókòó ti Gbẹ́rùdélé. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn jókòó ni.

Láoyè mẹkáníìkì kò fẹ́ kí wọ́n gé Gbẹ́rùdélé tà bí irin àlòkù. Ó wá ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ kan fún un. Ẹ́ńjìnnì náà tóbi, ó sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ihò bóòtù wọn kò tilẹ̀ bára mu. Láoyè gé irin, ó jó o pọ̀, ó fi ṣe apá tuntun tí yóò gbé ẹ́ńjìnnì dúró. Rọ́bà jókòó sórí apá náà, ẹ́ńjìnnì sì jókòó lé Rọ́bà.

Gbẹ́rùdélé tún ń kó iṣu. Inú rẹ̀ dùn, àfi ìgbà tó bá ń kọjá níwájú Táńkà, ọkọ̀ olómi kan tó máa ń dúró sẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ mìíràn.

"Ìyàwó, ẹ kú ìrìn o," Táńkà á wí. "Ṣé ìyá arúgbó yẹn ṣì ń sùn láàárín yín? Àbí òkùnkùn ló ń ba yín lẹ́rù?"

Àwọn ọkọ̀ yòókù á rẹ́rìn-ín. Gbẹ́rùdélé á máa wo ilẹ̀.

Níkẹyìn, kò lè gbà á mọ́ra mọ́. "Ìyá Rọ́bà," ó ní, "ẹ ṣeun. A ti mọwọ́ ara wa. Ẹ máa lọ sílé."

Rọ́bà dá a lóhùn: "Ọmọ mi, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ yìí pọ̀. Kì í ṣe ìwà burúkú, bí wọ́n ṣe dá a ni. Jẹ́ kí n dúró."

"Ìyá, ohun tí gbogbo alárinà ń ṣe náà ni kí ẹ ṣe."

"Ó dára," ni Rọ́bà wí.

Láoyè ní ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n Gbẹ́rùdélé bẹ̀ ẹ́ títí. Ó tú Rọ́bà kúrò, ó fi irin sí ipò rẹ̀, ó sì dè é pinpin. Rọ́bà kò lọ jìnnà. Ó jókòó sí etí ọgbà mẹkáníìkì, níbi tí yóò ti gbọ́ bí wọ́n bá pè é. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni.

Láti ìgbà náà, bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, gbogbo ara Gbẹ́rùdélé á máa gbọ̀n. Dígí rẹ̀ ń mì. Nọ́ọ̀tì tó de irin rẹ̀ ń já bọ́ sọ́nà.

"Ṣé o kò lè rọra ni?" ó bi ẹ́ńjìnnì.

"Mò ń rọra," ni ẹ́ńjìnnì dáhùn. "Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n rọra nìyí. Pe ìyá padà."

Ojú ń ti Gbẹ́rùdélé. Ó ní òun á pè é lọ́la. Bó ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ nìyẹn, títí di ọjọ́ tí ó kó iṣu gun òkè kan, tí egungun rẹ̀, irin ìsàlẹ̀ tó gbé e ró, fi sán lábẹ́ ẹrù. Wọ́n fi okùn fà á padà sọ́dọ̀ Láoyè.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi pe ìyá," ó ní. Ó ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Láoyè lọ sí etí ọgbà. Ó pẹ́ kí ó tó padà. Oòrùn ti mú kí Rọ́bà gbẹ, ara rẹ̀ ti là káàkiri. Nígbà tó fẹ́ gbé e, ó fọ́ sí i lọ́wọ́.

"Ó ti lọ," ni Láoyè wí. "Ọ̀dọ̀ rẹ ló kọjú sí."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí Gbẹ́rùdélé tò sílẹ̀ kò rí ẹni gbà á mọ́.

Láoyè jó egungun rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà ó wá ọmọ Rọ́bà kan. Kò mú èyí tó rọ̀ jù, kí ẹ́ńjìnnì má baà máa jó kiri. Kò mú èyí tó le jù, nítorí irin kò ní mọ̀ pé ẹnì kan wà láàárín. Èyí tí ó lè gbé ìwúwo ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an ló mú. Ẹ́ńjìnnì jí, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ sì parí sára ọmọ náà. Ara Gbẹ́rùdélé pa rọ́rọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, tó rán an létí ìyá, ló dùn ún jù.

Láti ọjọ́ náà ni rọ́bà ti ń jókòó láàárín ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í ní kó máa lọ sílé. Bí wọ́n bá sì pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Ọkọ̀ náà á gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó tó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí Gbẹ́rùdélé kò rí sọ fún Ìyá Rọ́bà ni.