Ọjọ́ Kẹta Òní

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ bi Dókítà Fádípẹ̀!

Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì lọ yẹ ọpọlọ àwọn arúgbó wò lábúlé kan. Ọjọ́ Ajé ni. Dókítà bi Ìyá Láṣebìkan pé, "Màmá, ọjọ́ wo ni ọjọ́ kẹta òní?"

"Ọjọ́rú ni."

Dókítà mirí. Láti ọ̀la lòun ti ń kà á, Ọjọ́bọ ló sì ń retí. Ó bi bàbá kan, Ọjọ́rú. Gbogbo arúgbó tó bi pátá, Ọjọ́rú! Ló bá sáré jáde.

"Àrùn ìgbàgbé ti gba abúlé yìí kan! Ẹ jẹ́ ká kó wọn lọ sílé ìwòsàn kíá!"

Olùkọ́ Ibíwùmí, tó ń kọ́ni lédè Yorùbá, dá a dúró. "Dókítà, ìgbà wo lẹ ti Èkó dé?"

"Ìjẹta, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

"Ẹ kà á kí n gbọ́."

Dókítà na ìka. "Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé... Háà! Mo ka òní mọ́ ọn!"

"Àwọn náà kà á mọ́ ọn ni."

Inú dókítà dùn débi pé ó fò sókè. Ó sáré padà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú màmá. "Màmá, ẹ dárí jì mí, Ọjọ́rú ni lóòótọ́!"

Àánú rẹ̀ ṣe màmá. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Láti ìgbà wo ni ìgbàgbé yìí ti ń ṣe ọ́?"