Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Ẹ̀fọn Lórí Tábìlì Ọ̀jọ̀gbọ́n
Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòróyè ni olórí ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kò bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ kò lè gba oyè másítáàsì. Lọ́jọ́ tí Mojírádé wá gbèjà iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, ọ̀gá ju ìwé náà sílẹ̀: “Irọ́ ni! Ta ló lè sin ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹ̀fọn? Kó wọn wá báyìí kí n kà wọ́n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wàá tún ọdún méjì kà.” Mojírádé lọ gbé àpótí aláwọ̀n rẹ̀ dé, ó gbé e ka tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá fò sẹ́yìn: “Kí lò ń ṣe?” “Ẹ̀fọn kì í dúró sójú kan, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ẹ̀wù yín. Ibi tí wọ́n bá ti jẹ yín la ó máa kà.” Háà! Àwọn olùdánwò méjì tó kù ti sá dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá já bírò yọ, ó fọwọ́ sí ìwé náà wàràwàrà. Mojírádé gba ìwé rẹ̀, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́: “Ẹ má fòyà, sà. Akọ nìkan ni mo sìn, akọ ẹ̀fọn kì í sì í jẹ ènìyàn. Ó wà lójú ìwé kìíní.”