Ẹni Tó Kọ Oúnjẹ Wa Ni Ìbátan Wa

Bí ọmọ Ìṣọ̀lá bá ti dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń fún ní ọbẹ̀ tọ́ wò, ikú a dé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe lọ, èyí kan ṣoṣo tó kù, tí ìyàwó rẹ̀ ṣì ń pọ̀n, sì ti ń hu eyín. Ọkàn Ìṣọ̀lá kò balẹ̀ mọ́. Òun àti Àkànjí àbúrò rẹ̀ kò mọ ilé baba wọn. Ogun ló lé baba náà dé etí odò tó ti fẹ́ ìyá wọn, ibà sì pa á kí wọ́n tó gbọ́n. Ẹja ni ìyá fi tọ́ wọn dàgbà. Orúkọ nìkan ni baba fi sílẹ̀, Ọdẹ́jìnmí, àti ọ̀rọ̀ kan tó ń tún sọ nínú ibà: "Ọmọ a-bá-òkété-pín-ihò." Wọ́n ní ìsọkúsọ àìsàn ni.

Wọ́n tọ Ìyá Efúnyẹmí lọ, ẹni tí ń fi owó ẹyọ yẹ ọ̀rọ̀ wò. Ìyá wo owó ẹyọ rẹ̀ títí, ó ní: "Kí ni ẹ kì í jẹ nílé yín?"

Àkànjí dáhùn: "Kò sí ohun tí a kì í jẹ, ìyá."

"Ẹni tí ń jẹ gbogbo nǹkan kò tíì mọ ilé baba rẹ̀. Èèwọ̀ baba yín ni ẹ fi ń bọ́ ọmọ. Ẹ lọ sí Ìlọ́mù. Agbo ilé tí ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí pọ̀ níbẹ̀ bí èpò. Ẹ se ìgbín, ẹ se àgbò, ẹ se òkété, kí ẹ gbé e yí gbogbo wọn ká. Ẹbọ yín nìyẹn. Ẹ má fi ẹnu kàn án. Ẹni tó bá kọ oúnjẹ yín ni ìbátan yín."

Àkànjí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé Ìlọ́mù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa ru ìkòkò yín kiri. Orúkọ baba wa ti tó mi láti fi mọ ilé." Ó wọ agbo ilé Ọdẹ́jìnmí tí wọ́n so ẹṣin mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Baálé gbá a mọ́ra, wọ́n gbé òkété síwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́.

Ìṣọ̀lá ru ẹbọ rẹ̀ láti ilé dé ilé. Gbogbo wọn jẹ, wọ́n súre fún un. Ó ku ahoro ilé Ọdẹ́jìnmí kan tí ìyá arúgbó kan, Àwẹ̀ró, ń dá gbé. Bí ó ti ṣí ìkòkò òkété, ìyá náà yíjú, ó tutọ́ sílẹ̀.

"Gbé e kúrò! Ọmọ a-bá-òkété-pín-ihò ni wá! Ọjọ́ tí ogun kó ilé yìí, ihò òkété ni baba wa sá sí. Ta ní í jẹ ẹni tó gbà á là?"

Ìṣọ̀lá dé ìkòkò náà. Ọmọ ọdẹ ni ìyàwó rẹ̀; omi ọbẹ̀ òkété ló fi ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sunkún.

Kò pẹ́ tí ara Àkànjí fi wú. Baálé ẹlẹ́ṣin ní: "Òkété kì í ṣe ọmọ wa ní nǹkan. Ẹ gbé e jáde, kì í ṣe ara wa." Ìṣọ̀lá pọ̀n ọ́n wá sí ahoro. Àwẹ̀ró gbé orí rẹ̀ lé itan, ó fi oríkì ilé wọn kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àkànjí lajú. "Ìyá, ṣé èmi ni ẹ ń kì?"

"Ìwọ ni, ọmọ mi."

Ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí.

Orúkọ lè jọ orúkọ, èèwọ̀ kò jọra. Ìṣọ̀lá gbọ́ ẹbọ, ó rú u. Ọmọ rẹ̀ yè, ó bí òmíràn lé e, ahoro di agbo ilé. Àkànjí fi ẹbọ ṣẹ̀sín, ó kábàámọ̀. Oríkì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbọ́ láràárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun gbọ́ ọ.