Ìdí Tí Ẹ̀gà Fi Ń Tú Ìtẹ́ Ara Rẹ̀

Nígbà láéláé, ẹyẹ ẹ̀gà kì í pariwo. Ìtẹ́ kan ṣoṣo ni ẹ̀gà kọ̀ọ̀kan máa ń hun láyé rẹ̀, a sì máa hun ún láìsọ̀rọ̀.

Ẹ̀gà àgbà kan ń gbé orí ọ̀pẹ létí odò. Kò sí ẹyẹ tó mọ ìtẹ́ hun bíi rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ó fi ya imọ̀ ọ̀pẹ, tó fi hun ìtẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Baálé mi, ibo ni kí àwọn ọmọ máa sùn?"

"Kí wọ́n sùn lórí ẹ̀ka. Ìtẹ́ yìí ni ayé yóò fi rántí mi."

Àwọn ọmọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ àwọn ní híhun. Ó lé wọn, ó ní wọn yóò fa fọ́nrán kan yọ. Ìwà anìkànjọpọ́n ni èyí, kò sì yẹ àgbà.

Ọ̀kẹ́rẹ́, aládùúgbò wọn, rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gà, ilé tí ọmọ onílé kò lè wọ̀, ta ni o kọ́ ọ fún?"

"Ìwọ tó ń gbé inú ihò, kí lo mọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà?"

Ṣùgbọ́n imọ̀ tútù a máa gbẹ. Ìtẹ́ náà pọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bí Ẹ̀gà ti ń tún ibì kan ṣe ni ibòmíràn ń já. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, ìjì já a sódò, omi sì gbé e lọ.

Òjò ń pa àwọn ọmọ lórí ẹ̀ka. Èyí tó kéré jù ń gbọ̀n.

Ìyá wọn ní, "Ẹ hun òmíràn, kí ọmọ yìí má baà kú."

Ẹ̀gà gbìyànjú, àgógó ẹnu rẹ̀ kò mú mọ́. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi hun ún."

Àkọ́bí rẹ̀ dáhùn pé, "Bàbá, ẹ kò kọ́ wa."

Ẹ̀gà bà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó ń kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ya á tẹ́ẹ́rẹ́. Fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀. Rárá, kò dáa, tú u. Tún un hun."

Ó sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìtẹ́ tí wọ́n hun wọ́, ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ kékeré ti wà lábẹ́ òrùlé.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà ti ń tú ìtẹ́ tó bá gbẹ, tó ń hun titun lọ́dọọdún, tó sì ń pariwo lórí ọ̀pẹ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹ̀gà tó mọ orúkọ àgbà yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń sọ.