Erùpẹ̀ Ilé Orímisàn

Orímisàn, obìnrin tí òkun gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, àti Ṣówándé oníbodè ni ọ̀ràn yìí kàn. Ṣówándé ló ṣòfin pé kí ẹni tó bá ń sá àsálà wọ̀lú bu erùpẹ̀ ilé rẹ̀ dání, kí a lè mọ ibi tó ti wá. Ìgò omi iyọ̀ ni Orímisàn gbé kalẹ̀.

“Ilé mi rèé, bàbá.”

“Omi kọ́ là ń gbà níbí! Òfin mọ ogun, ó mọ ọba ìkà. Kò mọ òkun. Padà sínú ọkọ̀ rẹ.”

“Ẹ rántí o: pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.”

Ẹ̀rín ni Ṣówándé fi dá a lóhùn.

Kò pẹ́ tí òkun fi gba ilé òun náà. Ó tukọ̀ dé ìlú kejì, níbi tí wọ́n ti ń lo òfin rẹ̀. Oníbodè ibẹ̀, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ọ̀gá mi, ẹ kú ewu. Erùpẹ̀ ilé yín ńkọ́?”

Omi nìkan ló ń kán lọ́wọ́ Ṣówándé.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, ọ̀gá: òfin kò mọ òkun.”

Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó sì ti ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ padà sójú omi. Báyìí ni òkun ṣe gba ilé Ṣówándé, tí òfin rẹ̀ sì gba èbúté lọ́wọ́ rẹ̀.